BÍ A TI Ń FI KẸ́MÍKÀ YA EPO KÚRÒ LÁRA OMI



Nígbà tí ènìyàn méjì kò bá lè gbé pọ̀ ní ìrẹ́pọ̀, a máa ń wí pé wọ́n dà bí omi àti òróró. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì jẹ́ òtítọ́ dé ibi kan. Ṣùgbọ́n bí a bá mú un lọ sí iwájú kíláàsì, tí a sì dúró síbẹ̀, àbọ̀ ẹ̀kọ́ ni a fi kọ́ àwọn ọmọ. Nítorí pé omi àti òróró a máa gbé pọ̀ nígbà púpọ̀. Wọ́n gbé pọ̀ nínú wàrà màlúù. Wọ́n gbé pọ̀ nínú omi ọṣẹ tí a fi fọ àwo ọbẹ̀. Wọ́n sì gbé pọ̀ nínú omi ìdọ̀tí tí ń ti inú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá jáde. Níbi tí wọ́n ti gbé pọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìyọnu wà, nítorí pé omi tí epo ti bàjẹ́ kò dára fún ẹja, kò dára fún oko, bẹ́ẹ̀ ni kò dára fún mímu.

Ète mi nínú àròkọ yìí ni láti fi hàn, èkíní, ohun tí ó mú kí epo léfòó. Èkejì, ohun tí ó ń dá a dúró láti má lè léfòó. Ẹ̀kẹta, bí àwọn onímọ̀ ti ń fi kẹ́míkà mú ìdènà náà kúrò. Àti ní ìparí, ohun tí kẹ́míkà kò lè ṣe. Mo bẹ̀ yín kí ẹ kíyèsí apá ìkẹyìn yìí gidigidi, nítorí òun ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé.

I. ÌDÍ TÍ EPO FI Ń LÉFÒÓ

Ọ̀ràn méjì ni ó wà níhìn-ín, kò sì yẹ kí a da wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni pé epo kì í yọ́ sínú omi. Èkejì ni pé epo ń wá sókè omi.

Ní ti ti àkọ́kọ́, mólékù omi kọ̀ọ̀kan ní ìhà méjì: ìhà kan ní díẹ̀ nínú agbára mànàmáná tí a ń fi àmì àròpọ̀ sọ, ìhà kejì sì ní irú èyí tí a ń fi àmì àyọkúrò sọ. Nítorí èyí, ìhà àròpọ̀ ti ọ̀kan a máa fa ìhà àyọkúrò ti èkejì mọ́ra, gbogbo wọn a sì di ara wọn mú ṣinṣin. Mólékù epo kò ní irú ìhà méjì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó bá dé àárín àwọn mólékù omi, kò ní ohun tí yóò fi dì mọ́ wọn, wọ́n a sì tì í síta kí wọn lè padà di ara wọn mú. Kì í ṣe pé omi kórìíra epo. Ìfẹ́ tí àwọn mólékù omi ní sí ara wọn ni kò fi àyè sílẹ̀ fún àlejò.

Ní ti èkejì, ọ̀ràn ìwúwo ni. Lítà omi kan wọ̀n tó kílógíráàmù 1. Lítà epo pupa kan kò tó bẹ́ẹ̀, ó sún mọ́ 0.9. Ohun tí ó fúyẹ́ ni yóò wà lókè. Àwọn ìyá wa tí ń ṣe epo ti mọ èyí kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa. Wọn a po ẹyìn gígún pọ̀ mọ́ omi, wọn a rò ó títí ìfófó pupa yóò fi bo ojú omi, wọn a gbọ̀n ọ́n sínú ìkòkò, wọn a sì sè é títí omi inú rẹ̀ yóò fi gbẹ tán. Iná tí wọn ń dá náà kì í ṣe lásán: ooru a máa mú kí epo ṣàn dáadáa, kí ó sì lè tètè jáde láti inú ohun tí ó mú un.

II. Ẹ̀KÁN ŃLÁ ÀTI Ẹ̀KÁN KÉKERÉ

Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo epo a máa léfòó, èé ṣe tí a kò kàn fi omi ilé-iṣẹ́ sínú àgbá ńlá, kí a dúró dè é, kí a sì bu epo kúrò lórí rẹ̀? Ìdáhùn wà nínú ìwọ̀n ẹ̀kán epo.

Ní 1851, George Gabriel Stokes, onímọ̀ ìṣirò kan ní Cambridge, fi hàn bí ohun róbótó kékeré ti ń rìn nínú ohun ṣíṣàn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún wa nínú òfin rẹ̀ ni pé bí a bá sọ ẹ̀kán di ìdajì bí ó ti fẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìrìn rẹ̀ kì yóò di ìdajì, ìdá mẹ́rin ni yóò dà. Bí a bá sì sọ ọ́ di ìdá mẹ́wàá, ìrìn rẹ̀ yóò di ìdá ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà fún epo tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ ìdá 0.9 ti omi, tí ń gòkè ní mítà kan nínú omi tí ó dúró jẹ́jẹ́:

Ẹ̀kán tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 0.1 yóò gòkè ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30.

Ẹ̀kán tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 0.01 yóò lò ju ọjọ́ 2 lọ.

Ẹ̀kán tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 0.001 yóò lò nǹkan bí oṣù 7.

Èyí ìkẹyìn yìí lè má tilẹ̀ dé òkè, nítorí pé ìyàtọ̀ díẹ̀ nínú ìgbóná omi tó láti máa tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fọ epo rọ̀bì, odò àtọwọ́dá kan wà tí omi ń gbà kọjá jẹ́jẹ́ kí epo lè léfòó. Ẹ̀kán tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 0.15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a ṣe é fún. Àwọn tí ó kéré sí èyí yóò bá omi lọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ kẹ́míkà ti bẹ̀rẹ̀.

III. OHUN TÍ KÌ Í JẸ́ KÍ WỌN PARAPỌ̀

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí àwọn ẹ̀kán kéékèèké bá lè parapọ̀ di ńlá, kíá ni wọn yóò gòkè. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó dènà wọn.

Èkíní ni aṣọ tí wọ́n wọ̀. Ní 1823 ni Michel Eugène Chevreul, ará ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rá ẹran jáde, nínú èyí tí ó ti fi hàn pé ọ̀rá ní àwọn ásíìdì kan nínú, àti pé nígbà tí irú ásíìdì bẹ́ẹ̀ bá dàpọ̀ mọ́ omi eérú tàbí sódà ni ọṣẹ ń jáde. Mólékù ọṣẹ ní orí àti ìrù. Orí rẹ̀ fẹ́ràn omi, ìrù rẹ̀ sì fẹ́ràn epo. Bí ó bá pàdé ẹ̀kán epo, yóò ki ìrù rẹ̀ bọ inú epo, yóò sì gbé orí rẹ̀ sí inú omi. Nígbà tí àìmọye mólékù bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ yí ẹ̀kán kan ká, aṣọ ti bò ó pátápátá. Ọṣẹ nìkan kọ́ ni ó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn ohun tí ń kọ́ ara bí ẹran, irú èyí tí ó wà nínú wàrà, lè ṣe é pẹ̀lú. Amọ̀ lẹ́búlẹ́bú lè ṣe é. Àwọn ohun dúdú wíwúwo tí ó wà nínú epo rọ̀bì sì ń ṣe é.

Èkejì ni agbára mànàmáná. Nínú omi, ẹ̀kán epo a máa gbé agbára irú ti àyọkúrò. Nítorí pé ohun tí ó ní irú agbára kan náà a máa lé ara wọn, ẹ̀kán kan kì í jẹ́ kí èkejì súnmọ́ òun. Irú àdàlù báyìí, tí ó funfun tí kò sì fẹ́ yà, ni èmi yóò máa pè ní àdàlù bíi wàrà.

Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin ará: gbogbo ọgbọ́n tí a ó kà nísàlẹ̀ yìí, ọ̀nà láti bọ́ aṣọ lára epo tàbí láti pa agbára mànàmáná rẹ̀ ni. Kẹ́míkà kì í gbé epo jáde kúrò nínú omi. Ó ń mú ìdènà kúrò. Ìwúwo omi ni ó ń ṣe ìyókù.

IV. ỌNÀ MẸ́RIN

Ọ̀nà kìíní: ásíìdì. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ó dára jù lọ ni ti ìlú Bradford, ní Yorkshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú tí ó di olókìkí nípa iṣẹ́ irun àgùntàn. Kí a tó lè ran irun àgùntàn, a gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti sódà fọ ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò. Omi tí a fi fọ̀ ọ́ sì kún fún ọ̀rá àti ọṣẹ, àdàlù bíi wàrà gan-an. Bí a bá dà á sínú odò bẹ́ẹ̀, odò bàjẹ́. Ní Esholt, níbi tí a ti ń tọ́jú omi ẹ̀gbin ìlú náà, àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún a máa da ásíìdì sọ́fúríìkì sínú omi náà. Ásíìdì a bá ọṣẹ jà, a sì sọ ọ́ padà di ásíìdì ọ̀rá tí kò lè ṣe iṣẹ́ ọṣẹ mọ́. Aṣọ bọ́ lára ẹ̀kán ọ̀rá. Wọn a kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó jáde, wọn a mú un gbóná, wọn a fún un nínú ẹ̀rọ ìfúntí, ọ̀rá a sì ṣàn jáde. Wọn kò dà á nù. Wọ́n tà á. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó jẹ́ ẹ̀gbin odò ṣe di owó fún ìlú.

Ọ̀nà yìí kò wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìyọnu tirẹ̀. Ásíìdì a máa jẹ irin. Omi tí ó kù sì kan gidigidi, tí a kò fi lè dà á sílẹ̀ títí a ó fi fi láìmù tàbí sódà mú un padà sí àárín. Yàtọ̀ sí èyí, ọṣẹ tòótọ́ nìkan ni ásíìdì lè borí. Àwọn ìyẹ̀fun ìfọṣọ òde òní kì í ṣe ọṣẹ tòótọ́, orí tiwọn kò sì bìkítà fún ásíìdì. Nítorí náà omi tí wọ́n bá wà nínú rẹ̀ ń béèrè ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀nà kejì: álọ́ọ̀mù. Kò sí ẹni nínú wa tí kò mọ álọ́ọ̀mù, òkúta funfun bí yìnyín tí a fi ń mú kí omi odò tí ó rú kí ó tòrò nínú ìkòkò. Ohun tí ó ń ṣe fún amọ̀ nínú ìkòkò ni ó ń ṣe fún epo nínú ilé-iṣẹ́. Álúmíníọ̀mù tí ó wà nínú rẹ̀ ní agbára àròpọ̀ mẹ́ta. Hans Schulze ní 1882, àti William Bate Hardy ní 1900, fi hàn pé bí agbára yìí bá ti pọ̀ tó lára ohun kan ni ó ti ń tètè mú kí àwọn ohun kéékèèké tí ó léfòó nínú omi dìpọ̀, àti pé ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Sódíọ̀mù inú iyọ̀ ní ẹyọ kan, kálísíọ̀mù inú láìmù ní méjì, álúmíníọ̀mù ní mẹ́ta. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí álúmíníọ̀mù díẹ̀ lè ṣe, iyọ̀ tí ó pọ̀ jù ú lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà ọgọ́rùn-ún ni yóò béèrè.

Lẹ́yìn èyí, álọ́ọ̀mù a tún ṣe iṣẹ́ kejì: a di ohun rírọ̀ funfun bí òwú nínú omi, òwú yìí a sì kó àwọn ẹ̀kán epo jọ bí àwọ̀n ti ń kó ẹja. Kí òwú náà tó lè jáde, omi kò gbọ́dọ̀ kan jù, kò sì gbọ́dọ̀ ní sódà jù; lórí òṣùwọ̀n tí a ń pè ní pH, níbi tí omi mímọ́ ti jẹ́ 7, àyíká 6 sí 7 ni ó dára fún un. Nítorí pé álọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ a máa mú omi kan, a sábà máa ń fi láìmù díẹ̀ tẹ̀lé e.

Ọ̀nà kẹta: okùn gígùn àti afẹ́fẹ́. Àwọn mólékù kan wà tí ènìyàn ṣe, tí wọ́n gùn bí okùn. Bí ẹ̀kán epo bá ti pàdánù agbára mànàmáná rẹ̀, okùn yìí a so ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀ di ìdì kan. Nígbà náà ni a ó ti afẹ́fẹ́ bọ inú omi pẹ̀lú agbára títí yóò fi yọ́ sínú rẹ̀. Bí a bá sì dẹ agbára náà lójijì, afẹ́fẹ́ yóò jáde ní ìfófó wẹ́wẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí nígbà tí a bá ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìfófó náà a lẹ̀ mọ́ ìdì epo, a sì gbé e gòkè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, a ó sì fi ọ̀pá pẹlẹbẹ gbá a kúrò.

Ọ̀nà kẹrin: kẹ́míkà ti epo rọ̀bì. Níhìn-ín ni ọ̀ràn yí padà, nítorí pé omi ni ó wà nínú epo, kì í ṣe epo nínú omi. Epo rọ̀bì a máa bá omi iyọ̀ jáde láti inú ilẹ̀, àwọn ohun dúdú wíwúwo inú epo a sì fi aṣọ líle bo ẹ̀kán omi. Bí iyọ̀ yìí bá bá epo dé ibi tí a ti ń sè é, yóò jẹ àwọn irin ibẹ̀. Nígbà kan rí, epo tí ó dàlù báyìí jẹ́ àdánù ńlá fún àwọn tí ń wa epo ní Amẹ́ríkà. William S. Barnickel, ará St. Louis ní Missouri, ni ó wá kẹ́míkà tí yóò yà á, ó sì gba ìwé-àṣẹ ìjọba lórí ọ̀nà rẹ̀ ní 1914. Kẹ́míkà irú èyí a máa lọ sí ojú ibi tí omi àti epo ti pàdé, a lé àwọn ohun dúdú náà kúrò ní ipò wọn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò lè hun aṣọ líle. Ẹ̀kán omi a wá parapọ̀, a sì rì sí ìsàlẹ̀. A tún máa ń mú epo náà gbóná, a sì lè fi iná mànàmáná ràn án lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí Frederick Cottrell ti kọ́kọ́ fi hàn ní California; ìwé-àṣẹ tirẹ̀ jáde ní 1911.

Nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, òfin kan ni kí a má ṣe gbàgbé: àpọ̀jù kì í ṣe ànfàní. Bí a bá da kẹ́míkà alágbára àròpọ̀ jù sínú omi, àwọn ẹ̀kán tí ó ti ní agbára àyọkúrò tẹ́lẹ̀ yóò wá ní ti àròpọ̀, wọn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí lé ara wọn. Nítorí náà ni òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ń kọ́kọ́ bu omi náà sínú ife mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó ń fi ìwọ̀n kẹ́míkà tí ó yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń wo èyí tí ó tòrò jù.

V. OHUN TÍ KẸ́MÍKÀ WỌ̀NYÍ KÒ LÈ ṢE

Èkíní, wọn kò pa epo run. Epo tí ó kúrò nínú omi wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, pẹ̀lú álọ́ọ̀mù àti ìdọ̀tí mìíràn. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fi omi tí ó tòrò hàn wá, ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi í ni pé: níbo ni ẹ kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ilé ni a dà á sí, òjò yóò gbé e padà sínú odò, a ó sì ti ná owó lásán.

Èkejì, omi tí ó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú. Èyí tí a ti ń sọ láti òkè wá ni epo tí ó wà ní ẹ̀kán. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà nínú epo rọ̀bì tí ń yọ́ sínú omi níti tòótọ́ bí iyọ̀ ti ń yọ́. Benzene jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: nǹkan bí gíráàmù 1.8 rẹ̀ lè yọ́ sínú lítà omi kan, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Kò ní ẹ̀kán, nítorí náà kò ní aṣọ tí a lè bọ́. Álọ́ọ̀mù kò ní ohun kan í fi ṣe é. Ní 2011, ètò àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ogóní jáde, ní ìhà gúúsù Nàìjíríà. Ní abúlé kan níbẹ̀, àwọn ìdílé ń mu omi kànga tí benzene inú rẹ̀ fi ju ìgbà 900 lọ kọjá ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀. Láti mú irú rẹ̀ kúrò, a ní láti fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú omi náà kọjá, tàbí kí a fi èédú tí a ṣe ní àkànṣe sẹ́ ẹ, tàbí kí a jẹ́ kí àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí jẹ ẹ́. Ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ ti kọ́ pé omi tí ó tòrò ni omi tí ó mọ́, yóò mu irú omi bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù.

Nítorí náà ni òfin fi ń wọn epo inú omi, tí kò fi ojú lásán wò ó. Fún àwọn ibi tí a ti ń wa epo nínú Òkun Àríwá, ìwọ̀n tí àwọn orílẹ̀-èdè ibẹ̀ fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni mílígíráàmù 30 nínú lítà omi kan.

VI. BÍ A TI LÈ KỌ́ Ọ NÍ KÍLÁÀSÌ

Ohun èlò rẹ̀ kò wọ́n: ìgò mẹ́ta tí ó mọ́ gaara, omi, òróró ẹ̀pà díẹ̀, ọṣẹ ìfọṣọ tòótọ́, àti ọsàn wẹ́wẹ́ méjì tàbí mẹ́ta.

Bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí o sì fi ṣíbí kékeré òróró kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fi ọṣẹ rírẹ́ díẹ̀ sínú ìgò kejì àti ẹ̀kẹta. Jẹ́ kí àwọn ọmọ mi gbogbo wọn pọ̀. Òróró inú ìgò kìíní yóò padà sókè ní kíákíá. Ti àwọn méjì tí ó kù yóò funfun bíi wàrà. Nígbà náà ni kí o fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìgò ẹ̀kẹta títí ọṣẹ yóò fi dì bí wàrà kíkan, kí o sì gbé e kalẹ̀. Àwọn ọmọ yóò fi ojú ara wọn rí ohun tí a ṣe ní Bradford. Bí ẹni kan nínú wọn bá béèrè ìdí tí ìyẹ̀fun ìfọṣọ kò fi ṣe bẹ́ẹ̀, yìn ín, nítorí ìbéèrè onímọ̀ ni ó bi. Kí olùkọ́ kí ó sì tún rántí láti sọ pé ásíìdì ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ohun eré: ásíìdì ni a ń rọra dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì.

Lẹ́yìn èyí, kí a bi wọ́n ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Kí ni ó yàtọ̀ nínú kí epo má yọ́ sínú omi, àti kí epo léfòó lórí omi?

2. Èé ṣe tí ẹ̀kán kékeré fi ń pẹ́ kí ó tó gòkè?

3. Kí ni ásíìdì ń ṣe sí ọṣẹ? Kí ni álọ́ọ̀mù ń ṣe sí agbára mànàmáná?

4. Níbo ni epo lọ nígbà tí omi ti tòrò?

Ní èrò tèmi, ìbéèrè kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Àwọn ọmọ tí a ń kọ́ lónìí ni yóò di òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, àti ìjòyè ìlú, àti ẹni tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ohun tí a yà kúrò nínú omi gbọ́dọ̀ ní ibi tí a gbé e sí, wọn yóò mọ ìbéèrè tí ó yẹ láti bi ẹni tí ó bá wá sọ fún wọn pé omi ti mọ́.